Dígí Tí Afẹ́fẹ́ Ọ̀sà Ń Jẹ

Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2024

Ìyá mi Àlímọ̀t,

Àsàlámù àlékúm. Mo kí yín kú ọyẹ́, mo kí yín kú ooru tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo kí Àǹtí Àdìjátù tí ẹ jọ ń gbé, mo kí Bàbá Kàsímù àbúrò Bàbá wa àti gbogbo àgbàlá. Mo mọ̀ pé bírò pupa yín ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wo àmì ohùn mi. Ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì fẹ̀yìn tì lórí ọ̀rọ̀ tèmi.

Ẹ máa ń bi mí pé kí gan-an ni mo wá kọ́ níbí. Bí mo bá ní dígí ni, ẹ óò rẹ́rìn-ín, ẹ óò ní ṣé àwọn tó ń gé dígí wíńdò ní Ìdúmọ̀tà kò tó mi í kọ́ ni. Dígí tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Iyanrìn ni wọ́n fi ń ṣe dígí wíńdò. Fósíféètì ni ìpìlẹ̀ èyí tí mò ń ṣe, ohun kan náà tó pọ̀ nínú egungun àti eyín wa. A ó pò ó mọ́ sódà àti ẹfun, a ó gbé e sínú ìléru títí yóò fi yọ́ bí oyin, a ó wá dà á sínú irin kó dì. Ohun tí mò ń wádìí ni pé bí a bá dín ọ̀kan kù, tí a fi òmíràn kún un, báwo ni inú dígí náà yóò ṣe yí padà, báwo ni yóò ṣe le tó, báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó nínú omi. Àwọn dókítà ń fẹ́ irú èyí tí a lè fi dí ihò egungun tó fọ́, tí yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí egungun tuntun bá ṣe ń gba ipò rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi Abdulafeez ń bọ̀ wálé. Mo fi dígí kan rán an sí yín, òun ló kọ́kọ́ mọ́ lóló lọ́wọ́ mi. Bàbà díẹ̀ tí mo fi sí i ló sọ ọ́ di aláwọ̀ omi. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn àárọ̀ ti lè máa bà á.

Ọmọ yín,
Salahudeen


Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹta, 2024

Ọmọ mi Àrẹ̀mú,

Wàálékúm sàlámù. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń fi nǹkan bo etí nínú òtútù yẹn? Abdulafeez dé, ó jẹun, ó sì tún bu òmíràn, inú mi dùn sí i. Àmì ohùn tí o gbàgbé kò pọ̀. Mo ti bá ọ fi sí i.

Dígí náà dára lójú. Kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sókè sí oòrùn, mo rí ìka mi nínú rẹ̀ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Mo gbé e sí ojú wíńdò yàrá olóògbé bàbá rẹ, èyí tó kọjú sí apá ọ̀sà.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. O ní ohun tó wà nínú egungun ni o fi ṣe é. Egungun ta ni? Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o. Àdìjátù ní òun gbọ́ pé àwọn òyìnbó máa ń lo òkú tí kò lẹ́ni. Mo ní kó panu mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi. Fi ìwé dá mi lóhùn, má ṣe pè mí lé e. Ní àgbàlá yìí, gbogbo ògiri ló létí. Bí a bá wà lórí fóònù, oúnjẹ àti òtútù nìkan la jọ ń sọ.

O mọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Ọmọ tí omi gbà lọ́wọ́ mi, mi ò rí egungun rẹ̀ sin.

Ìyá rẹ,
Àlímọ̀t


Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹta, 2024

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúm. A kú oṣù ààwẹ̀, kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wa.

Rárá o, Ìyá. Kò sí egungun ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Inú àpáta ni wọ́n ti ń wa fósíféètì. Ìyẹ̀fun funfun nínú ike ló ń bá wa níbí, ó dà bí èlùbọ́ tí kò tíì pọ́n. Ẹ sọ fún Àǹtí Àdìjátù kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí inú rẹ̀ ṣe rí, kó lè yé yín pé kò sí ohun ẹ̀rù nínú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn gígùn, tí àwọn okùn náà lọ́ mọ́ ara wọn. Báyẹn ni fósíféètì ṣe ń to ara rẹ̀. Bí a bá bu sódà sí i, sódà á máa já àwọn okùn náà sí kéékèèké, dígí náà á rọ̀, yóò tètè yọ́ nínú omi. Bí ó bá jẹ́ ẹfun la fi kún un, ẹfun á dúró láàárín okùn méjì, á di méjèèjì mú, omi kò ní tètè ráyè wọlé. Irin ló wá lágbára jù nínú gbogbo wọn. Èyí tí irin bá wà nínú rẹ̀ lè wà nínú omi fún ọdún gbọọrọ, omi kò ní rí i jẹ. Ohun tó wà nínú ìkòkò nìkan ló ń sọ ìwà tí dígí máa hù.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi Ṣàkírù, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo kéré púpọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ojú omi yẹn dojú dé lọ́nà Àpápá. Ohun tí mo rántí ni Bàbá wa Mọ̀núrù tó wọlé pẹ̀lú aṣọ tútù, tó na ọwọ́ méjèèjì sí yín kí ẹ lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá, àwọn yòókù ni wọ́n rí gbé jáde. Ó ti tó kí a kírun sí i lára, bí Bàbá Kàsímù ṣe máa ń wí.

Ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ yín,
Salahudeen


Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Karùn-ún, 2024

Àrẹ̀mú,

Mo gba ìwé rẹ, mo sì tì í sábẹ́ ìrọ̀rí títí inú mi fi rọ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì.

Ẹnu ìwọ àti ti Bàbá Kàsímù ti ṣe ọ̀kan báyìí. Lẹ́yìn Ìtùnú ààwẹ̀ ló wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹ jẹ́ ká kírun sí Ṣàkírù lára, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀." Mo ní, "Ta ló rí òkú? Ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀, ọ̀nà ló ṣì wà." Ó kó bàtà rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ yẹn, ìkíni ẹnu ọ̀nà lásán ló kù láàárín wa.

Ó tó gẹ́ẹ́. Gbọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀, dígí rẹ sì ń sunkún. Mi ò mọ bí mo ṣe tún fẹ́ pè é. Mo jí, mo bá omi lójú rẹ̀, mo fi aṣọ nù ún gbẹ. Kí n tó ká ẹní ìrun mi, ó tún ti rin. Omi náà ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí omi ṣúgà, bẹ́ẹ̀ èèrà kò sún mọ́ ọn, èèrà ilé yìí tí ń gun orí ìkòkò tó wà lórí iná! Ó sì ń kéré sí i. Nígbà tó dé, ó tó ẹyin ẹyẹlé. Ní báyìí, mo lè fi ìka bò ó.

Àárín ojú wíńdò ni mo gbé e sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá bá a ní etí, níhà ọ̀sà. Mo gbé e padà, ó tún lọ. Àdìjátù kò wọ yàrá náà mọ́. Ó ní òun kò lè máa gbálẹ̀ fún ohun tó ń wo òun.

Kí lo rán sí mi?

Ìyá rẹ


Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Karùn-ún, 2024

Ìyá mi,

Àsàlámù àlékúm. Ẹ kú òjò o.

Àìronú tèmi ló fa gbogbo èyí, ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà sókè. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi, ìyá arúgbó kan tí kì í pariwo, ó gbá orí mú. Ó ní, "Èyí tí sódà pọ̀ nínú rẹ̀ lo rán lọ sí Èkó?" Ẹwà rẹ̀ ló wọ̀ mí lójú, mi ò ronú kan afẹ́fẹ́ ilé wa. Ẹfun tí mo fi sí i kéré, sódà sì pọ̀ lápọ̀jù. Irú dígí bẹ́ẹ̀ a máa fa omi látinú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀ ṣe ń rin nínú ìgbà òjò. Omi tó bá fà, òun náà ni yóò máa yọ́ ọ láti ìta wọ inú. Ìdí nìyẹn tó fi ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, tó sì ń kéré sí i. Ní ti pé ó ń rìn, ojú wíńdò yẹn dagun díẹ̀ kí omi òjò lè máa ṣàn síta. Bí abẹ́ dígí bá ti tutù, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sínú ìgò, kí ẹ sì dé e pa. Ẹ wá àwọn kóró kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ẹ dà wọ́n sí ìsàlẹ̀ ìgò náà. Àwọn yẹn á mu omi inú rẹ̀. Mo tún ti ń se òmíràn fún yín, èyí tí mo fi irin sí. Yóò dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sínú òjò, ẹ óò bá a bí ẹ ṣe fi í sí.

Ẹ máa jẹun o. Ohùn yín tinrín lórí fóònù.

Ọmọ yín,
Salahudeen


Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọgbọ̀n Ọjọ́, Oṣù Kẹfà, 2024

Àrẹ̀mú,

Mi ò fi sínú ìgò. Ẹni tó ti wà nínú omi látọjọ́ yìí, kí n tún wá dé e mọ́nú ìgò?

Má sọ pé orí ìyá rẹ ti ń dàrú. O ti sọ ọ́ ná. O pe Bàbá Kàsímù lẹ́yìn mi, o ní kó wá gba dígí lọ́wọ́ mi nítorí mi ò jẹun mọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá nílẹ̀ òyìnbó? Ó wá o. Ó wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó nawọ́ sí dígí náà, ó gbé e. Kíá ló gbé e kalẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo èmi. Mo ní, "Kí ló dé?" Ó ní, "Ìyàwó wa, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn." Òjò ti rọ̀ láti àárọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé tutù rinrin. Ó jáde láìmú nǹkan kan, kò sì padà wá.

Wá ṣàlàyé ìyẹn náà fún mi pẹ̀lú sódà àti ẹfun.

Èmi máa ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Màá gbé àtàǹpàkò lé e, màá sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé: ẹni tó bímọ, ẹni tí wọ́n wó ògiri rẹ̀, ẹja tó wọ́n. Ibi tí ìka mi máa ń bà ti jin báyìí, ó gba àtàǹpàkò mi wẹ́kú. Bí mo bá ń pe orúkọ ẹlòmíràn, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ìgbà tí mo bá pè é ní Ṣàkírù ló máa ń rin sí mi lọ́wọ́. Mo ti dán an wò. Tíṣà ni mí, mo mọ bí a ṣe ń dán nǹkan wò.

Ní ti onírin tó ò ń sè, tọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́. Ohun tí omi kò lè wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi náà kò lè wọ̀ ọ́.

Ìyá rẹ


Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Keje, 2024

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mo fi pe Bàbá Kàsímù. Ẹ foríjì mí.

Mo ti kọ ìwé yìí, mo sì ti fà á ya rí. Mi ò fẹ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò ní ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Dígí yín kò dá jáde. Nígbà tí mo gbé ìkòkò kúrò nínú ìléru, mo da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ojú irin méjì. Mo rán ọ̀kan sí yín, mo sì tọ́jú ìkejì fún iṣẹ́ mi. Inú ìgò tí mo fi ọ̀dà dí ẹnu rẹ̀ ló wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù gbígbẹ tí mo ń tì. Afẹ́fẹ́ kò kàn án, omi kò kàn án. Nígbàkígbà tí mo bá gbé ìgò náà sórí ìwọ̀n, iye kan náà ló ń wọ̀n.

Nígbà tí ìwé yín dé, mo lọ wò ó. Ihò kan ti wà lára rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti sán nígbà tó ń tutù ni. Mo gbé e tòun ti ìgò sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ojú àtàǹpàkò ni, Ìyá. Àwọn ìlà tín-ín-rín wà níbẹ̀, wọ́n yí po bí ìlà ọwọ́. Ìlà gígùn kan sì dábùú wọn. Ẹ rántí ọ̀bẹ tó já lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ ń bó iṣu Iléyá, tí wọ́n gán àtàǹpàkò yín ní ọsibítù? Ibẹ̀ náà ni ìlà yìí wà.

Ọ̀dà ẹnu ìgò náà kò ya. Mo ta ìmọ́lẹ̀ lu dígí náà láti wo bóyá àpòpọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Kò yí padà. Fósíféètì, sódà, ẹfun, bàbà, bí mo ṣe pò ó gan-an ló ṣì wà. Mi ò mọ ìdí kankan tí ohun tó wà níbi gbígbẹ, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, fi lè yọ́.

Mi ò tíì sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìka lé tọ̀dọ̀ yín mọ́ títí màá fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ọmọ yín,
Salahudeen


Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹjọ, 2024

Ìyá mi,

Ẹ kò dá mi lóhùn. Mo pè yín ní Sátidé, ẹ ní èbà lẹ jẹ, ẹ ní òjò dá. Nígbà tí mo fẹ́ béèrè, ẹ ní àwọn ènìyàn wà nítòsí, ẹ sì gé e.

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé sí yín, èyí tó wà lọ́wọ́ mi ń kéré sí i ni. Mo rò pé bí ẹ bá ṣíwọ́, òun náà á ṣíwọ́. Ẹ kò ṣíwọ́, àbí?

Lánàá, Ọjọ́bọ̀, mo wà níwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà fúnra mi. Mo ń wò ó nínú ìgò, ó ti tó hóró ẹ̀wà kan péré. Mo yíjú sí ẹni tó pè mí lẹ́nu ọ̀nà, mo tún yíjú padà. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Omi ló wà nínú ìgò, ó tó ìdajì. Ìdajì ìgò, Ìyá! Bí gbogbo dígí náà tilẹ̀ di omi látòkè délẹ̀, kò lè kún ìdérí. Ọ̀dà ẹnu ìgò sì wà bó ṣe wà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, ó bá mi níbi tí mo jókòó sí sórí ilẹ̀. Ó ti rí i. Ó ní kí a yẹ omi náà wò ní Ọjọ́ Ajé.

Ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọmọ yín,
Salahudeen


Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹjọ, 2024

Ọmọ mi Àrẹ̀mú,

Má bínú pé mo pẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni mo ń rò, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi lẹ́kun.

Dígí náà ti ń parí lọ. Mo mọ̀ pé bó bá kù díẹ̀, àárọ̀ kan á mọ́, màá bá ojú wíńdò lásán. Mi ò fẹ́ kó parí sórí símẹ́ńtì. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, mo wé e sínú aṣọ ìnujú funfun, mo ní kí Àdìjátù sìn mí dé Màrínà. Ó sunkún, ó kọ̀, ó sì tẹ̀lé mi. Àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì ní Siẹmẹ́ẹ̀sì ń tì wá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó bi arúgbó méjì ní ìbéèrè.

A dé ibi àtẹ̀gùn tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo sọ̀ kalẹ̀ títí omi fi bò mí lẹ́sẹ̀. Mo tú aṣọ náà. Kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ mọ́. Mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì ki ọwọ́ náà bọ omi.

Àrẹ̀mú, nǹkan di àtàǹpàkò mi mú.

Kò fà mí. Kò fún mi lọ́wọ́. Ó dì í mú bí ọmọdé ṣe ń di àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ mú bí wọ́n bá fẹ́ sọdá títì. Mo dúró. Àdìjátù ń pè mí látòkè, "Ìyá Ṣàkírù! Ìyá Ṣàkírù, ẹ gòkè wá!" Omi ni mo kọjú sí. Mo ní, "Ṣé ìwọ ni?" Ó ṣe díẹ̀ sí i, ó wá tú mi sílẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí mo fa ọwọ́ mi yọ, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ fi nǹkan lẹ ìwé yìí ni ọlọ́kadà ilé iṣẹ́ tó ń kó lẹ́tà gbé tìrẹ dé. Mo ti kà á. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀kejì. Má yẹ omi náà wò. Mo bẹ̀ ọ́, fi bó ṣe jẹ́ sílẹ̀.

Ìyá rẹ,
Àlímọ̀t


Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹjọ, 2024

Ìyá mi,

Ìwé yín pẹ́ kó tó dé. A ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Fósíféètì wà nínú rẹ̀, sódà wà, ẹfun wà, bàbà wà. Gbogbo ìyẹn ni mo retí. Ṣùgbọ́n iyọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, iyọ̀ gidi bíi ti etí òkun, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fi iyọ̀ kankan sínú ìkòkò yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ ṣí ìgò náà. Ó fi ọwọ́ yẹ ọ̀dà ẹnu rẹ̀ wò fún ìgbà pípẹ́, kò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí n yọ dígí náà kúrò nínú iṣẹ́ mi, kí n se òmíràn.

Mo mọ ohun tí sódà ń ṣe fún okùn, mo mọ ohun tí ẹfun ń ṣe, mo mọ ti irin. Mi ò mọ èyí. Mo jókòó ti omi tó kù nínú ìgò, mo wá ń sunkún ẹ̀gbọ́n tí mi ò tilẹ̀ rántí ojú rẹ̀ dáadáa.

Ẹ sọ ohun tí n ó ṣe fún mi. Ohun tí ẹ bá wí ni màá ṣe.

Ọmọ yín,
Salahudeen


Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Àrẹ̀mú, ọmọ mi,

Wàálékúm sàlámù. Nu ojú rẹ. Omi tó kù, gbé e lọ síbi tí odò bá ti ń ṣàn ní ìlú yẹn, dà á sí i, kí o kí i pé ó dìgbà. Lẹ́yìn náà, lọ se òmíràn bí wọ́n ṣe ní kí o ṣe. Kí o sì jẹun.

Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn tán, èmi fúnra mi ni mo kan ilẹ̀kùn Bàbá Kàsímù. Ó ń tún rédíò rẹ̀ ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká kírun sí ọmọ náà lára." Rédíò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ó ti wù mí kí n gbọ́ ọ látẹnu yín." Àwa méjèèjì sunkún lórí àga kan náà. Kò bi mí ní ohun tó yí mi lọ́kàn padà, mi ò sì sọ nǹkan kan fún un nípa ọ̀sà.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ tó kọjá yìí, lẹ́mọ́mù kéde orúkọ rẹ̀: Ṣàkírù ọmọ Mọ̀núrù. Wọ́n kírun sí i lára láìsí òkú níwájú. Ẹ̀yìn, níbi àwọn obìnrin, ni mo wà, mi ò rí iwájú. Mọ́sálásí kún dé ojú títì, àwọn kan tẹ́ ẹní sínú oòrùn.

Nígbà tí a délé ni Àdìjátù bínú sí Bàbá Kàsímù. Ó ní ọmọ òun sọ pé àyè ẹnì kan wà ní òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Kàsímù ní sàfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú pátápátá, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn dúró sínú oòrùn. O mọ Bàbá Kàsímù. Òun ló máa ń pariwo "ẹ sún mọ́ra" mọ́ gbogbo ènìyàn, òun ló máa ń fi ọwọ́ fa èjìká ẹni tó bá fi àlàfo sílẹ̀. Ó wo Àdìjátù bí ẹni tí èdè rẹ̀ kò yé. Ó ní, "Àyè wo? Ẹnì kan dúró níbẹ̀."

Mo lé àwọn yòókù jáde. Mo jókòó tì í, mo ní, "Ẹni tó dúró níbẹ̀, báwo ló ṣe rí?"

Ó ní òun kò wojú rẹ̀, ẹni tó ń kírun kì í wojú ẹni. Èjìká rẹ̀ nìkan ni òun mọ̀ pé ó kan tòun. Ó wá gbé ọwọ́ sókè láti fi bí ẹni náà ṣe ga tó hàn mí, ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá orí ara rẹ̀.

Àrẹ̀mú, ọmọ tó bá bàbá rẹ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn kò ju ìgbáròkó Bàbá Kàsímù lọ.

Ó ti dàgbà.

Ìyá ẹ̀yin méjèèjì,
Àlímọ̀t